Káàdì Tó Ń Dákú

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí iṣẹ́, mo kí òtútù tó o sọ pé ó ń mú ọ ní etí. Ara mi le, ti Abẹ́rẹ́ àbúrò rẹ náà le. Òun ló ń lọ aṣọ lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọkàn mi nìkan ni kò balẹ̀, ìwọ lo sì fà á.

Má pè mí lórí fóònù mọ́. Má sì pè mí lórí kọ̀ǹpútà tó o fi ránṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bá ọ sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, tí o ń já ìlà mọ́ mi lẹ́nu. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ òjò, o máa ń gbọ́. Bí mo bá ń sọ bí ewúrẹ́ aládùúgbò ṣe jẹ téèpù mi, o máa ń rẹ́rìn-ín. Kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ní, "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀," o ti lọ nìyẹn. Ìwé ni kó o máa kọ sí mi. Ìwé kò ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa ìyá ẹni lẹ́nu mọ́. Onítáyà àdúgbò wa tó ń wá ra táyà ní ìlú yín yóò máa bá wa mú un.

Jẹ́ kí n wá sọ ti ìpàdé ẹbí ọjọ́ Àìkú. O wà níbẹ̀, àbí kí n ní ojú rẹ wà níbẹ̀. Bàbá Kékeré ní àwọn fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù tí bàbá rẹ kọ́ kó tó kú, èyí tí mo ti ń ránṣọ nínú rẹ̀ láti ìgbà tí o ń rákò, kí wọ́n fi háyà fún Onísìmẹ́ńtì. Wọ́n ní kí èmi kó máṣíìnì mi lọ sí ẹ̀yìn ilé. Mo ní ìwọ àkọ́bí bàbá rẹ wà láàyè, kí wọ́n bi ọ́. Wọ́n sì bi ọ́ pé, "Ṣé o fara mọ́ ọn?" Mo ń wò ọ́. O tẹ orí síwájú, o sì dúró bẹ́ẹ̀. O kò sọ̀rọ̀, o kò gbé orí sókè, títí àwòrán rẹ fi parẹ́. Ni Bàbá Kékeré bá pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní, "Ó ti gbà. Gbogbo yín rí i, ó mi orí sí i."

Ṣé o gbà lóòótọ́? Bí o bá gbà, sọ fún mi kí n mọ ibi tí mo dúró sí. Inú oṣù kẹrin ni wọ́n ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀.

Ìbéèrè kan tún wà tí mo fẹ́ bi ọ́, ṣùgbọ́n n kò ní kọ ìyẹn sínú ìwé. Ojú rẹ ni mo fẹ́ máa wò nígbà tí mo bá ń bi ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ.

Abẹ́rẹ́ ní kí n kí ọ. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé o gbà, òun kò ní pè ọ́ ní ẹ̀gbọ́n mọ́.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìrònú. Ẹnu iṣẹ́ ni Onítáyà ti fi ìwé yín lé mi lọ́wọ́. Mo kà á ní ìdúró, mo jókòó, mo tún un kà.

N kò gbà. N kò mi orí sí nǹkan kan. N kò sì já ìlà mọ́ yín lẹ́nu rí láti ọjọ́ tí mo ti dé ibí. Nígbà tí Bàbá Kékeré béèrè, mo dáhùn. Mo ní, "Rárá o, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó màmá mi kúrò níbẹ̀." Igbe ni mo fi sọ ọ́. Àwọn tó ń fọṣọ ní ìsàlẹ̀ yàrá mi gbọ́ mi, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ fi igi ìgbálẹ̀ kan àjà pé kí n rọra. Ẹ̀yin tí mo ń bá sọ̀rọ̀ nìkan ni ẹ kò gbọ́. Orí tí ẹ rí tó tẹ̀ síwájú, mo ń sún mọ́ kọ̀ǹpútà ni, nítorí ohùn yín ti ń já. Àwòrán ló gan síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn mo pè, mo pè, ẹ kò gbé e. Nígbà tó yá, fóònù yín kò tilẹ̀ dún mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà yẹn, káàdì kékeré kan wà tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti inú afẹ́fẹ́. Ètò kan ló ń darí káàdì náà, dráífà ni a ń pè é níbi iṣẹ́. Dráífà á ní kó gba èyí, káàdì á gbà. Á ní kó fi èyí ránṣẹ́, á fi ránṣẹ́. Bí dráífà bá wá pe káàdì tí kò dáhùn, á gbà pé ó ti dákú, á pa á, á sì tún un tàn. Àárín pípa àti títàn yẹn ni ojú mi máa ń gan. Bí ó bá jí, á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á tún dákú. Ohun tó ń ṣe wá nìyẹn, Màmá. Káàdì ló ń hùwà tí ẹ ń pè ní ìwà mi.

Èmi ni mo tún kọ̀ǹpútà náà ṣe, nítorí náà èmi ni màá wò ó sàn. Ọ́fíìsì kan ló ju méjì nù, ọ̀gá mi yọ̀ǹda wọn fún mi. Mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí yín, ìkejì rẹ̀ wà lórí tábìlì mi níbi iṣẹ́, káàdì kan náà ló wà nínú wọn. Mo gbà pé dráífà tó wà nínú tiyín ti gbó. Mo ti fi tuntun sínú fláàṣì tó wà nínú àpò ìwé yìí. Abẹ́rẹ́, gbogbo ohun tí wàá ṣe ni mo kọ sí ẹ̀yìn ìwé. Ṣe é bó ṣe wà níbẹ̀, má fi ọgbọ́n tìrẹ kún un.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Bàbá Kékeré pé mo ní n kò gbà. Ẹ má sì fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo rí ìwé rẹ. Inú mi dùn díẹ̀, ó tún bàjẹ́.

Mo jíṣẹ́ rẹ fún Bàbá Kékeré. Mo ka ìwé náà fún wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní ta ló mọ ẹni tó kọ ọ́? Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká pè ọ́ lórí fóònù mi. Wọ́n ní fóònù tí kò ní ojú, ohùn lásán ló ń gbé wá, ẹnikẹ́ni lè fi imú sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ojú àwọn làwọn fi rí i tí o mi orí, ohun tí àwọn bá tún fi ojú rí nìkan ló lè yí i padà. O mọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá ti gun orí ọ̀rọ̀ kan, wọn kì í sọ̀ kalẹ̀. Inú ẹbí bàbá rẹ ni ìwọ náà ti rí i.

Abẹ́rẹ́ fi dráífà tuntun sínú kọ̀ǹpútà. Ó ṣe gbogbo ohun tí o kọ. Lẹ́yìn náà ẹ jọ sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, mo wà níbẹ̀, mo ń fi àlùmọ́gàjí gé apá aṣọ, etí mi wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ sọ ti bàtà rẹ, ẹ sọ ti ọ̀gá rẹ tó ń wá ìgò ojú tó so mọ́ ọrùn ara rẹ̀. Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀. Kò já. Mo ní ọpẹ́ ni. Mo kó iṣẹ́ mi tì, mo gba kọ̀ǹpútà, mo lọ jókòó dáadáa, mo ní, "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn," ojú rẹ gan. Ẹnu rẹ là sílẹ̀ bí ẹni tó ń yán. Ó parẹ́.

Kí ni kí n wá gbà gbọ́? Ẹ̀rọ wo ló mọ ọ̀rọ̀ àwàdà yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ àgbà? Ṣé káàdì náà ń gbọ́ èdè wa ni?

Onísìmẹ́ńtì ti wá. Ó wọn ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bóyá kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ lè wọlé. Èmi ni mo bá a di orí kejì téèpù mú, nítorí pé ó ń wọn nǹkan wọ́gọwọ̀gọ, n kò sì lè fara mọ́ iṣẹ́ jágbajàgba kódà lọ́wọ́ ọ̀tá mi.

Èmi ni ìyá rẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi, Abẹ́rẹ́ nìyí. Mo wo ibi tí ẹ ní kí n wò, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń kọ ohun tó bá ṣe é sílẹ̀. Gbólóhùn kan náà ló ń wí ní àwítúnwí: káàdì kò dáhùn, a ti tún un tàn. Kò sọ ìdí. Ẹ bá mi wá ìdí kíá, nítorí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn Màmá gán gbogbo etí aṣọ kan sódì, ẹ sì mọ̀ pé èyí kò ṣẹlẹ̀ rí.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta

Màmá mi,

Ẹ kú ìfaradà. Ẹ kú orí téèpù tí ẹ bá Onísìmẹ́ńtì dì mú. Ká ní mo wà nílé ni, ọrùn rẹ̀ ni à bá fi téèpù náà wọ̀n.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Káàdì náà ti bàjẹ́. Jù ú nù, fi òmíràn síbẹ̀." Mo ní kò bàjẹ́. Wọ́n ní báwo ni mo ṣe mọ̀? Mo ní ohun tó bàjẹ́ kì í yan ẹni tó máa bàjẹ́ fún. Àbúrò mi fi gbogbo ọ̀sán bá mi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rẹ̀, káàdì náà kò dákú. Wọ́n ní, "Orí ẹ le o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn, èmi náà padà sídìí tèmi.

Mo ti gbé ìkejì rẹ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì mi. Mo fi dráífà àtijọ́ sí i, kò dákú. Mo fi tuntun sí i, kò dákú. Mo gbé e jìnnà sí àpótí Wáìfáì, mo gbé e sún mọ́ ọn, mo fi fíìmù sí i kó máa ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí di ìgbà tí a tilẹ̀kùn. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó ń bí mi nínú, Màmá. Àìsàn tó ń ṣe tiyín kọ̀ láti ṣe tèmi.

Ṣùgbọ́n mo jókòó sínú bọ́ọ̀sì lánàá, mo ń ro ìbéèrè yín. Ẹ ní ẹ̀rọ wo ló mọ ọ̀rọ̀ àwàdà yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ àgbà. Inú kọ́kọ́ bí mi, mo ní ẹ ti tún ń fi mí ṣe ẹlẹ́tàn. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ mo rí i pé ìbéèrè gidi ni. Kò gbọ́ èdè. Nítorí náà, nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà tí ẹ máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ àgbà bá dé, tí Abẹ́rẹ́ kì í ṣe bí ẹ̀fẹ̀ bá ń lọ. Láti ìgbà yìí wá, ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe ni mo ń béèrè. N kò béèrè ohun tí ẹ̀yin ń ṣe.

Ẹ bá mi kọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń kọ́ ọmọṣẹ́ tuntun: ibi tí ọwọ́ wà, ibi tí ẹsẹ̀ wà, ohun tí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ẹ má fo ohunkóhun nítorí pé ó kéré. Ẹ kọ ti ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ kọ ti ọjọ́ ìpàdé náà.

N kò fi yín sílẹ̀, Màmá. Ẹ tún gbólóhùn yìí kà kí ẹ tó bínú sí ìyókù.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

O ní kí n kọ ọ́ bí mo ṣe ń kọ́ ọmọṣẹ́. Ó dáa. Jókòó, má sì máa wo ibòmíràn.

Bí ẹ bá ń ṣeré, orí tábìlì pálọ̀ ni kọ̀ǹpútà máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, okùn ṣájà rẹ̀ wà nínú ihò iná. Ibẹ̀ ni Abẹ́rẹ́ máa ń jókòó sí. Ẹnikẹ́ni lè wọlé, ẹnikẹ́ni lè jáde, kò kan yín.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kọ́sítọ́mà kan wà ní pálọ̀, ó wá wọ síkẹ́ẹ̀tì wò. Ó ti ń na etí láti ìgbà tó gbọ́ ohùn rẹ. Ṣé iwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí n ti máa sọ pé àbúrò bàbá rẹ ń lé mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi? N kò tíì ya wèrè. Mo dìde. Mo nu ọwọ́ mi sí aṣọ, nítorí ẹfun tí mo fi ń sàmì. Mo yọ okùn ṣájà. Mo gbé kọ̀ǹpútà lé apá mi bí ẹni gbé ọmọ. Mo wọ yàrá mi. Mo fi ìgbáròkó ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé e lé ẹsẹ̀, mo tún gèlè mi ṣe. Mo ní, "Ọmọ mi." Ìyókù, o mọ̀ ọ́n.

Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn ní gbogbo ìgbà. Ọ̀rọ̀ ilé, inú yàrá ni à ń sọ ọ́.

Ti ọjọ́ ìpàdé, inú pálọ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀. A kí ọ, o kí gbogbo wa, Bàbá Kékeré bi ọ́ bóyá o ti ga sí i. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ gan-an, àwọn ará ilé kejì wà ní ẹnu fèrèsé, wọ́n ń ṣe bí ẹni ń sá aṣọ. Bàbá Kékeré ní ká wọlé. Gbogbo wa kó sínú yàrá mi, àwọn kan jókòó sórí àpótí aṣọ. Èmi ni mo gbé kọ̀ǹpútà. Bí mo ṣe ń gbé e náà ni mo ṣe gbé e.

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀. N kò mọ ohun tí o máa fi ṣe. Ó ku díẹ̀ kí oṣù kẹrin dé, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó òwú sínú agolo. Bàbá Kékeré ní ẹbí yóò tún jókòó lọ́jọ́ Àìkú kejì nínú oṣù náà, kí wọ́n lè gba kọ́kọ́rọ́ ní ojú gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní bí o bá fẹ́ yọjú, kí o yọjú.

Èmi ni ìyá rẹ.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹrin

Màmá! Màmá! Màmá!

Ẹ kó òwú yín padà sílé rẹ̀.

Ṣájà ni! Mo ka ìwé yín dé ibi tí ẹ ti ní ẹ yọ okùn, mo dìde. N kò tíì ka ìyókù nígbà náà. Mo lọ sídìí tábìlì mi, mo yọ ṣájà kúrò lára ìkejì rẹ̀, mo dúró tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ eku. Kò pẹ́, ó dákú. Dráífà tàn án, ó jí, ó tún dákú. Mo ki ṣájà bọ̀ ọ́, ara rẹ̀ balẹ̀. Mo yọ ọ́, ó dákú. Mo kígbe. Ọ̀gá mi wá, wọ́n wá ìgò ojú wọn títí, ó wà lọ́rùn wọn, wọ́n wò ó. Wọ́n ní, "Láti ọjọ́ yìí, ẹnu iná lo gbé e kalẹ̀ sí, kí lo fẹ́ kó ṣe é?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Tábìlì wa kún fún ihò iná, kò sẹ́ni tó ń yọ nǹkan níbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. Bí ṣájà bá wà lára kọ̀ǹpútà, kì í ṣọ́ agbára lò. Bí ẹ bá yọ ọ́, bátìrì ló kù, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣún un ná. Ó ń sọ fún káàdì pé bí iṣẹ́ bá ti dá díẹ̀, kó rẹjú. Káàdì mìíràn máa ń sùn bí ológbò, etí rẹ̀ wà lókè. Tiwa yìí ń sùn bí òkúta. Dráífà á pè é, kò ní gbọ́, dráífà á ní ó ti kú, á pa á, á tún un tàn. Nítorí náà òótọ́ lẹ sọ, Màmá, òótọ́ ni èmi náà sọ. Ìlà ń já ní gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ gidi bá dé, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ gidi bá dé lẹ ń gbé e wọ yàrá. Èmi kọ́ ni mo ń já a.

Abẹ́rẹ́, gbọ́. Wọ ibi tí a ti ń rí gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà, wá káàdì náà, ṣí i, kí o lọ sí ibi tó ń sọ nípa agbára. Wàá rí àmì kan níwájú gbólóhùn tó ní kí kọ̀ǹpútà lè pa káàdì kó lè ṣọ́ agbára lò. Yọ àmì náà. Lẹ́yìn èyí lọ sí ibi ètò bátìrì, kí o sọ fún Wáìfáì pé kó máa lo gbogbo agbára rẹ̀, kó má rẹjú rárá. Mo ti ṣe é fún ìkejì rẹ̀. Mo gbé e ká gbogbo ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi láìsí ṣájà, mo gbé e jáde sí títì pàápàá, kò dákú mọ́.

Ní ọjọ́ ìpàdé, Màmá, ẹ má ṣe é ní pálọ̀. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rò nìyẹn. Ẹ gbé e wọ yàrá. Ẹ yọ ṣájà ní ojú Bàbá Kékeré. Mo fẹ́ kí wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan náà, níbi kan náà, lọ́nà kan náà. Kò ní dákú. Mo ní kò ní dákú.

Ọmọ yín tí orí rẹ̀ le ni.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

O wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo lo fi wò ó. Jẹ́ kí n sọ èyí tí o kò rí.

O kò rí Onísìmẹ́ńtì tó jókòó sórí àga ní ìta, téèpù rẹ̀ lọ́wọ́, tó ń retí kọ́kọ́rọ́. O kò rí Abẹ́rẹ́ tó ń jẹ èékánná. O kò rí ọwọ́ mi. Bàbá Kékeré ní ká wọ yàrá bíi ti ìṣáájú, mo sì di okùn ṣájà mú, n kò lè yọ ọ́. Mo ní nínú ara mi, ta ni yóò dá mi lẹ́bi bí mo bá fi í sílẹ̀ nínú ihò rẹ̀? Lẹ́yìn náà mo rántí bí o ṣe kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé kò ní dákú. Mo yọ ọ́.

Wọ́n bi ọ́. Mo pa ojú mi dé. Mo gbọ́ ohùn rẹ: "Mi ò gbà o, Bàbá Kékeré. Mi ò gbà lọ́jọ́sí, mi ò gbà lónìí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó màmá mi kúrò níbẹ̀." Mo la ojú, orí rẹ ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń bọ̀ sósì, kò gan. Bàbá Kékeré fi imú kan kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní, "Gbé ọwọ́ òsì sókè." O gbé e. "Fa etí ẹ." O fà á. "Yọ ahọ́n." Abẹ́rẹ́ ní, "Ẹ̀yin, ṣé dókítà ni yín ni?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí o ṣàlàyé ti ṣájà tán, Bàbá Kékeré kọjú sí wa. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ ń sọ pé àwòrán ni mo bá ṣàdéhùn?" Abẹ́rẹ́ ní, "Kí àwòrán náà wá gba kọ́kọ́rọ́." Mo fojú bá a wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti mú Bàbá Kékeré fúnra wọn. Wọ́n jáde, wọ́n ní kí Onísìmẹ́ńtì ká téèpù rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ṣùgbọ́n wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ó ní òun ò gbà. Ó dáa. Ta ni a wá ń pa ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ dè? Ìwọ ń dàgbà, Abẹ́rẹ́ máa lọ sílé ọkọ."

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o dúró nígbà tí gbogbo wọn lọ. Ìbéèrè tí n kò fẹ́ kọ sínú ìwé, mo bi ọ́. Mo ní, "Ṣé o máa padà wá?"

O dákẹ́. Mo wò ó bóyá àwòrán gan. Ojú rẹ ń ṣẹ́. Bọ́ọ̀sì kan kọjá ní fèrèsé ẹ̀yìn rẹ. Àyà rẹ ń lọ sókè sódò. Káàdì kò dákú. Ìwọ lo dákẹ́. Lẹ́yìn náà o ní wọ́n ń dúró dè ọ́ níbi iṣẹ́, ọjọ́ Àìkú sì ni. Èmi ni mo tẹ bọ́tìnnì, mo pa á.

N kò bínú. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé mo rí i.

Èmi ni ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Ẹ kú orí ire. Ẹ kú kọ́kọ́rọ́ abẹ́ ìrọ̀rí.

Ẹ ríran dáadáa. Èmi ni mo dákẹ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má gé aṣọ tí n kò tíì wọ̀n, n kò sì tíì wọn ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tí ẹ bi mí. Mo ti wọ̀n ọ́n báyìí.

Mo máa padà wá. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi láàárọ̀ yìí. Iṣẹ́ kan ṣì kù tí mo ń kọ́ lọ́wọ́ wọn, bí wọ́n ṣe ń tún pátákó inú kọ̀ǹpútà ṣe, n kò sì ní fi í sílẹ̀ láàárín. Bí ọdún bá parí, ó parí. Wọ́n ní, "Orí ẹ le, kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ." Wọ́n fún mi ní ìgò tí wọ́n fi ń wo nǹkan kéékèèké, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í fi mọ́wọ́.

Ẹ sọ fún Bàbá Kékeré pé èmi la ń pa ṣọ́ọ̀bù mọ́ dè. Bí wọ́n bá ní ìwé lásán ni, ẹ pè mí kí wọ́n tún ní kí n fa etí.

Abẹ́rẹ́, kó àwọn ègé aṣọ kúrò lábẹ́ fèrèsé apá òsì, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé lọ́wọ́ àárọ̀. Ibẹ̀ ni tábìlì mi máa wà, máṣíìnì Màmá lápá kan, èmi lápá kejì. Wọn gígùn ògiri náà fún mi, kí o sì jẹ́ kí Màmá di orí kejì téèpù mú.

Màmá, mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn kí ìdáhùn yìí wà nínú ìwé. Ẹ pè mí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ yọ ṣájà, ẹ gbé mi wọ yàrá, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ tún gèlè yín ṣe. Ẹ bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì máa wo ojú mi.

Ọmọ yín ni.